Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọpa ìmọ́lẹ̀ nínú okùn apàwọ̀dà

Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń jáde láti inú pẹpẹ ike gbòòrò, irú èyí tó ń tàn nígbà tí èérún tín-tìn-tín bá la á kọjá, kò sí bí a ṣe lè fi gíláàsì lásán kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kékeré kan láìpàdánù púpọ̀. Ní 1960, Richard Garwin tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM kọ̀wé nípa ọ̀nà àbùjá kan: kí nǹkan kan gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì, kó sì bì í jáde ní àwọ̀ mìíràn. Ìmọ́lẹ̀ tuntun yìí kò mọ apá ibi tí ti àkọ́kọ́ dojú kọ. Gbogbo ìhà ló ń lọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì há sínú ohun tó bì í. Ọgbọ́n yìí ló wà nínú okùn apàwọ̀dà tó dé lẹ́yìn náà, okùn ike tín-ín-rín tó ń gba ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró, tó sì ń dá a padà ní àwọ̀ ewé.

Y-11 tí ilé iṣẹ́ Kuraray ní Japan ń ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà ní nǹkan bí 430 nánómítà ló ń gbé mì, nǹkan bí 476 ló sì ń bì jáde. Polystyrene ni àárín rẹ̀, nọ́mbà ìtẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó, sì jẹ́ 1.59. Èèpo kìíní jẹ́ 1.49, èkejì 1.42. Ẹ pín 1.42 sí ọ̀nà 1.59, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, kí ẹ sì dá èyí tó ṣẹ́kù sí méjì: ìdá 5.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń lọ sí ẹnu okùn kọ̀ọ̀kan. Bí èèpo bá jẹ́ ẹyọ kan, á wálẹ̀ sí 3.1. Gbogbo ìyókù ń sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n bí sí gbùngbùn àárín okùn nìkan ni ìṣirò yìí bá mu. Èyí tí wọ́n bí nítòsí etí ń yípo lọ bí ejò tó ń gun igi. A máa há ju ti àárín lọ, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀ gùn, ó sì ń tètè kú. Ẹ fi àwọ̀ tí okùn fúnra rẹ̀ tún ń gbé mì kún un, pẹ́ńsù àti ìwé ò tó mọ́.

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti wá kò kan okùn rárá. Ní 1946, Stanislaw Ulam tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ń dá káàdì ta nígbà tó ń kọ́fẹ padà lẹ́yìn àìsàn, ó sì rò ó pé dípò kí òun máa ṣírò bóyá káàdì á jọ, kí òun kúkú ta á lọ́pọ̀ ìgbà, kí òun sì ka iye tó jọ. Òun àti John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, fi í ṣírò ìrìn èérún tí wọ́n ń pè ní nútírọ́ọ̀nù ní Los Alamos, ilé ìwádìí bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù ní Amẹ́ríkà. Orúkọ ìlú tẹ́tẹ́ Monte Carlo ni wọ́n fi pè é. Fótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan, náà ò le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ ta tẹ́tẹ́ ibi tí wọ́n á ti gbé e mì, ti àwọ̀ tuntun, ti ìhà tó máa kọjú sí, ẹ tẹ̀ lé e títí yóò fi kú tàbí dé ẹnu okùn.

Ní CERN, ilé ìwádìí èérún létí Geneva, ni wọ́n ti ṣe GEANT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ọ̀nà yìí tọpa èérún. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní 1974, GEANT3 tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà Fortran kọ tẹ̀ lé e ní 1982, Geant4 tí wọ́n fi C++ kọ sì jáde ní oṣù Kejìlá 1998. Apá rẹ̀ tí ń pa àwọ̀ dà ń jẹ́ G4OpWLS. Ohun tí ẹ bá kọ nípa ike náà ló mọ̀, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń wá. Bí èèpo kan kò bá ní RINDEX, ìyẹn nọ́mbà ìtẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, fótọ́ọ̀nù tó bá dé ibẹ̀ kú nìyẹn, láìsí àlàyé. Bí ẹ bá kọ gígùn tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ kí wọ́n tó gbé e mì sí 3.5 láìfi mítà sọ ọ́ di púpọ̀, mìlímítà 3.5 ni yóò kà á sí, okùn yín á sì ṣókùnkùn biribiri. Oríṣi méjì ni gígùn yìí: WLSABSLENGTH ni ti oògùn apàwọ̀dà tó wà nínú ike, ABSLENGTH ni ti ike fúnra rẹ̀ tó ń pa ìmọ́lẹ̀ run. Ẹni tó kọ nọ́mbà kan náà sí méjèèjì ti pa ìdajì ìmọ́lẹ̀ aró rẹ̀. Ìwọ̀n àkókò láàárín ìgbémì àti ìbìjáde náà ní ọ̀fìn tirẹ̀: bí ẹ ò bá sọ "exponential", "delta" ni ètò náà ń lò, gbogbo fótọ́ọ̀nù á sì pẹ́ déédéé iye kan ṣoṣo.

Ètò yìí lọ́ra gan-an. Èérún kan tó la ike sẹ̀ǹtímítà kan kọjá ń fi agbára tó nǹkan bí MeV 2 sílẹ̀ (MeV ni wọ́n fi ń wọn agbára èérún), ìyẹn nǹkan bí fótọ́ọ̀nù 20,000. Nínú okùn mìlímítà kan, èyí tó dagun jù nínú àwọn tó há sínú èèpo ń gbá etí ní mìlímítà méjì-méjì, nǹkan bí ìgbà 2,500 nínú mítà 5. Ìdí nìyẹn tí àwọn ètò bí Opticks fi kó iṣẹ́ náà lọ sórí káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà.

Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé èsì kankan, ẹ bí ìmọ́lẹ̀ sí àárín gbùngbùn okùn, kí ẹ pa gbogbo ìgbémì rẹ́. Bí ẹ bá rí nǹkan bí 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún dípò 5.3, ètò náà kò ṣìṣe: ìmọ́lẹ̀ ń gbá etí èèpo pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ó sì ń padà. Nínú kọ̀ǹpútà, etí yẹn mọ́ lóló, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í kú. Lórí okùn gidi, eruku, ìka ọwọ́ àti gọ́ọ̀mù ti pa á kó tó lọ jìnnà.