Bí Àsọtẹ́lẹ̀ Ìgbì Òkun Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ogun ló bí àsọtẹ́lẹ̀ ìgbì òkun. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi pátákó gun ìgbì máa ń yẹ fóònù wò kí ilẹ̀ tó mọ́: bí ìgbì yóò ṣe ga tó, iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín ìgbì kan sí èkejì, ìhà tí ìgbì ti ń bọ̀, ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ìgbà tí òkun máa kún àti ìgbà tó máa fà. Lórí ibùsùn ni wọ́n ti máa mọ̀ bóyá kí àwọn dìde tàbí kí àwọn máa sùn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò àwọn nọ́ńbà yìí, kò sí eré nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀mí ọmọ ogun ni wọ́n ń wá ọ̀nà àtidá sí.

Ìlọrin ni mò ń gbé. Òkun tó sún mọ́ wa jù fi ohun tó ju 200 kìlómítà lọ jìnnà sí wa. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn wá, nítorí pé atẹ́gùn kan tó ń gba orí òrùlé wa kọjá wà nínú rẹ̀, mo sì máa dé orí ìyẹn.

Kí á tó dé ojú ogun, ó yẹ kí á kí àwọn tó ti ń ka òkun ṣáájú ìwé àti ẹ̀rọ. Àwọn ará erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ti ń fi bí ìgbì ṣe ń ti ọkọ̀ wọn mọ ọ̀nà láti ọjọ́ pípẹ́, lójú agbami tí kò sí igi tàbí òkè tí ènìyàn lè fi ṣe àmì. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Michael Hemmersam, tó wà ní Gold Coast (Gánà òde òní) ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1640, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí ibẹ̀ máa ń so ọmọ wọn mọ́ pátákó, kí wọ́n fi mọ omi í wẹ̀. Ní etíkun kan náà, àwọn awakọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà ló ń bá Òyìnbó kó ẹrù gba àárín ìgbì kọjá. Wọ́n á dúró sẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn wọn, ìgbà tí èyí tó tóbi bá ti kọjá ni wọ́n tó máa wa ọkọ̀ sáré wọlé. Ìmọ̀ gidi ni, ọ̀pọ̀ Òyìnbó ló sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Àmọ́ ohun tí ojú ń rí lọ́wọ́lọ́wọ́ ni. Kò lè sọ ti ọ̀túnla.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ wá ọ̀nà láti sọ ti ọ̀túnla ni Walter Munk. Vienna, ní ilẹ̀ Ọ́síríà, ni wọ́n ti bí i ní 1917, wọ́n sì rán an lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ní 1939 ó dé ilé ìwádìí òkun Scripps ní La Jolla, California, níbi tí Harald Sverdrup, ọmọ ilẹ̀ Norway, ti jẹ́ ọ̀gá. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kejì, etí Munk gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kó ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí etíkun Àríwá Áfíríkà, ó sì lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fi ìgúnlẹ̀ náà dánra wò ní etíkun Carolina.

Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí iwájú rẹ̀ máa ń ṣí bí ilẹ̀kùn ni wọ́n ń lò. Bí ìgbì bá ti ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ, á dá ọkọ̀ náà dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́, omi á rọ́ wọ inú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun tó gbé ẹrù wúwo sẹ́yìn á dà sínú òkun. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀gá á ní kí wọ́n dáwọ́ dúró di ọjọ́ mìíràn. Munk wá lọ tú àkọsílẹ̀ nípa etíkun Mòrókò wò, ó rí i pé ní ìgbà òtútù, ìgbì tó ga ju ti Carolina yẹn ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀tá ló sì máa wà ní etíkun yẹn. Ta ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró di ọjọ́ mìíràn? Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ó ránṣẹ́ pe Sverdrup. Ìgbà tí Sverdrup dá sí i ni wọ́n tó gbọ́.

Ohun mẹ́ta ni àwọn méjèèjì gbé ìṣirò wọn kà: bí atẹ́gùn ṣe le tó, iye wákàtí tó fi ń fẹ́, àti bí ojú omi tó ń fẹ́ lé lórí ṣe gùn tó. Bí ènìyàn bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti orí àwòrán ojú ọjọ́, yóò lè mọ irú ìgbì tí ìjì náà máa bí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣírò ohun tí ìgbì náà máa pàdánù lójú ọ̀nà, àti bí yóò ṣe ga sókè nígbà tó bá kan ibi tí omi kò ti jìn. Wọ́n tún ní láti pinnu ohun tí wọ́n máa pè ní gíga ìgbì, nítorí pé kékeré àti ńlá ló máa ń wá pa pọ̀. Bí wọ́n bá ní kí atukọ̀ sọ bí ìgbì ṣe ga tó, kékeré kò sí nínú ohun tó máa dárúkọ, àwọn ńlá ló máa ń wò. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀: wọ́n mú ìdá kan nínú mẹ́ta tó ga jù, wọ́n sì fi ìpíndọ́gba wọn ṣe gíga ìgbì. Ìwọ̀n yẹn gan-an ló ṣì wà lórí fóònù títí di òní. Mo fẹ́ràn apá yìí gidigidi, pé ojú atukọ̀ ni ìṣirò náà tẹ̀ lé.

Ìgúnlẹ̀ Mòrókò wáyé ní ọjọ́ 8, Oṣù Kọkànlá, ọdún 1942. Nígbà tó kù díẹ̀, àsọtẹ́lẹ̀ tó ti Washington àti London wá ní ìgbì máa ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15. Nínú ọkọ̀ Hewitt tó jẹ́ olórí ọkọ̀ ogun náà, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan tó ń jẹ́ Steere wo àwòrán tirẹ̀, ó ní rárá, ìgbì máa rọlẹ̀. Hewitt gba ọ̀rọ̀ Steere gbọ́. Ìgbì rọlẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì gúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ tó bàjẹ́ létí omi kò kéré. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kó àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ inú iṣẹ́ ológun lọ sí Scripps láti kọ́ ọ̀nà Sverdrup àti Munk.

Àwọn kan lára wọn ló ṣírò ìgbì fún ìgúnlẹ̀ Normandy, ní etíkun ilẹ̀ Faransé, ní 1944. Ọjọ́ 5, Oṣù Kẹfà ni wọ́n ti mú tẹ́lẹ̀, wọ́n sún un sí ọjọ́ 6 nítorí ìjì. Lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ pé ìjì ń bọ̀ ni ìwọ̀n ojú ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan, Maureen Flavin, kà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Blacksod ní etíkun ilẹ̀ Ireland. Kò mọ ohun tí wọ́n ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ọmọ ọdún 21 péré ni.

Àwọn tó kọ́kọ́ wọn ìrìn àjò ìgbì fúnra rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ìwádìí kan ní Teddington, ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944. Barber àti Ursell, tí wọ́n wà nínú rẹ̀, ń gba àkọsílẹ̀ ìgbì tó ń dé etíkun Cornwall. Wọ́n rí i pé ìgbì tí àárín wọn jìnnà síra ló máa ń kọ́kọ́ dé, àwọn tí àárín wọn sún mọ́ra á wá tẹ̀ lé wọn, nítorí pé àwọn àkọ́kọ́ yára ju àwọn ìkejì lọ. Ìgbì tí ìṣẹ́jú-àáyá 16 wà láàárín ọ̀kan sí èkejì ń kó agbára rẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 45 ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 10, kò ju bíi 28 lọ. Ẹni tó bá wọn bí èyí tó ṣáájú ṣe fi sílẹ̀ fún èyí tó kẹ́yìn lè ṣírò padà dé ibi tí ìjì náà ti jà. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1948, wọ́n tọpa ìgbì kan dé ìtòsí Cape Horn, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí kò lè ṣòro fún ará Jẹ́bà. Kí wọ́n tó parí ìdídò Kainji ní 1968, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Odò Ọya máa ń kún níbẹ̀. Èkíní ń bá òjò tiwa wá, omi rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ìkejì á dé nínú ọ̀gbẹlẹ̀, omi rẹ̀ á mọ́, kò sì ní sí òjò kankan lójú ọ̀run: òjò tó ti rọ̀ ní òkè Guinea ní ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn ni, tó ti gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ Mali kọjá, tó sì ti da ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ńlá ṣe lè dé etíkun ní ọjọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́ rárá.

Ní 1963, Munk tún padà sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó to ibùdó ìwọ̀n mẹ́fà láti New Zealand dé Alaska, òun àti ìdílé rẹ̀ sì lọ gbé ní Samoa láti ṣọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìgbì tí ìjì bí nítòsí yìnyín Antarctica la gbogbo Pàsífíìkì já dé Alaska, ohun tó ju ẹgbàárùn-ún kìlómítà lọ, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀nba ni agbára tó pàdánù lẹ́yìn tó ti kúrò nítòsí ìjì rẹ̀.

Ìmọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ológun, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn agun-ìgbì. Sean Collins, ará California, fi rédíò gba àwòrán ojú ọjọ́, ó kọ́ ara rẹ̀ bí a ṣe ń kà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìgbì tẹ́lẹ̀ lórí tẹlifóònù pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Surfline ní 1985, tí ẹni tó bá pè máa ń san owó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì dé, kọ̀ǹpútà ńláńlá sì gba ìṣirò náà ṣe.

Ibi tí àpáta wà lábẹ́ omi ni àsọtẹ́lẹ̀ ti máa ń bọ́ sójú ẹ̀ jù, nítorí pé iyanrìn ń ṣí kiri, àpáta kì í ṣí. Ìgbì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà á fọ́ níbi tí omi kò bá ti jìn ju bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Ní Teahupo'o, ní Tahiti, láti inú ibú ni ìgbì ti ń já lu àpáta iyùn lójijì, èyí ló fi ń kán wálẹ̀ pẹ̀lú agbára tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe gígun ìgbì fún Òlíḿpíìkì Paris ní 2024, wọ́n sì ya ọjọ́ tó pọ̀ sọ́tọ̀ ju èyí tí ìdíje gbà lọ, kí wọ́n lè fi àsọtẹ́lẹ̀ mú èyí tó dára. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n sún un síwájú.

Atẹ́gùn etíkun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tó bá ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ sójú òkun á gbé iwájú ìgbì ró, kò ní jẹ́ kó tètè wó, ara ìgbì á sì máa dán. Èyí tó bá ti òkun wá á da gbogbo rẹ̀ rú. Ní Èkó, láàárín òjò, ti òkun ló ń fẹ́ jù. Atẹ́gùn ilẹ̀ tó lágbára ni ọyẹ́, tó máa ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá pẹ̀lú eruku Sàhárà, tó sì ń gba Ìlọrin kọjá kó tó kan Èkó.

Àbúrò mi kan ń gun ìgbì ní Tarkwa Bay, níbi tí iyanrìn kó jọ sí lẹ́yìn ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sẹ́nu èbúté Èkó ní bíi ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn. Ó máa ń pè mí ní àárọ̀ Oṣù Kejìlá.

"Ẹ kú àárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ọyẹ́ ti bọ́ lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ti bọ́ o. Láti àná ni mi ò ti rí Òkè Sóbí."

"Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀la á dáa nìyẹn."

Ó ní àsọtẹ́lẹ̀ orí fóònù bí i tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n kìí fi ìpè yẹn ṣeré. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mọ́ mi nínú, pé eruku tó bò wá lójú níbí máa di omi tó tẹ́jú lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Ìgbì tó ga jù kì í bá ọyẹ́ wá ṣá. Láti Oṣù Karùn-ún dé Oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òtútù bá mú ìsàlẹ̀ ayé, ni ìjì gúúsù Àtìláńtíìkì máa ń le jù. Ìgbì rẹ̀ á rin ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó tó dé Èkó. Ní Oṣù Kẹjọ 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo, ó sì gbé ènìyàn lọ. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán ṣì ń kó ọmọ lọ sí etíkun Èkó fún ìgbafẹ́, tí wọ́n á wo ojú ọ̀run tó mọ́, tí wọ́n á gbà pé òkun rọ̀. Olùkọ́ tó bá ń ṣètò irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ lè wo àsọtẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, láìsan kọ́bọ̀. Kó wo iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà láàárín ìgbì. Bó bá tó 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gíga ìgbì sì kọjá mítà kan ààbọ̀, kó kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan lọ́jọ́ náà.