Kọ́ńtíráàtì ìjọba: ta ló máa ru ewu owó rẹ̀, ìjọba ni àbí ẹ̀yin?

Bí lẹ́tà iṣẹ́ bá jáde láti sẹkitéríàtì n'Ílọrin, tàbí láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Òmù-Àrán, iye owó tó wà nínú rẹ̀ ni ojú agbaṣẹ́ṣe máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Irú kọ́ńtíráàtì tó jẹ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òun ló ń sọ ẹni tí yóò san án bí ọjà bá gbówó lórí, bí katakata bá kọ lu àpáta, tàbí bí owó bá pẹ́ kó tó jáde.

Ṣé òfin kan náà ló de gbogbo iṣẹ́ ìjọba?

Rárá. Yunifásítì Ìlọrin, ilé ìwòsàn rẹ̀ tí à ń pè ní UITH, àti Federal Poly Ọ̀ffà, abẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, Public Procurement Act ti ọdún 2007, ni wọ́n wà. Iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, títí kan ti KWASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Màlété, òfin Kwara ló ń darí rẹ̀. Òfin ọdún 2007 yẹn la ti mú àwọn iye àti ọjọ́ tí a máa fà yọ láti inú òfin. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ẹ fi wọ́n wé ti ìpínlẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lùwé.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín lump sum àti kọ́ńtíráàtì tí wọ́n ń wọn iṣẹ́ rẹ̀?

Nínú lump sum, iye kan ṣoṣo lẹ jọ fẹnu kò sí fún odindi iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá jù bí ẹ ṣe rò lọ, àpò yín ló máa gbà á. Nínú èkejì, gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ ló ní iye tirẹ̀ nínú BOQ, ìwé tí wọ́n to ẹ̀ka iṣẹ́ àti iye owó wọn sí: iye mítà kan, iye kúbíìkì mítà kan, iye tọ́ọ̀nù irin kan. Ohun tí ẹ bá ṣe ni wọ́n máa wọ̀n, òun náà ni wọ́n sì máa san.

Ilẹ̀ wa gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le níbí. Orí àpáta líle ni Ìlọrin àti gúúsù Kwara jókòó lé, àwọn ibi kan sì wà tí erùpẹ̀ orí rẹ̀ kò nípọn rárá. Ká ní gọ́tà 400 mítà lẹ gbà, tí àpáta wá yọ láti mítà 150. Compressor àti ẹ̀rọ ìfọ́ òkúta ló kàn, pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì àti owó àwọn tó ń lò ó. Bó bá jẹ́ lump sum, kò sí ẹni tó máa dá a padà fún yín. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń wọ̀n, tí BOQ sì ní ìlà ọ̀tọ̀ fún gbígbẹ́ àpáta, ẹ máa gba owó gbogbo kúbíìkì mítà tí ẹ fọ́. Bí ìlà yẹn kò bá sí nínú BOQ, ẹ fi lẹ́tà béèrè rẹ̀ kí ọjọ́ ìdíje fún iṣẹ́ náà tó pé. Ẹ má sì kọ iye tín-ín-rín sí i torí kí àròpọ̀ yín lè kéré ju ti ẹlòmíràn lọ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń jẹ èèyàn run.

Bóòhóòlù tún le ju gọ́tà lọ. Inú ìpele àpáta tó ti jẹrà àti inú ihò tó la àpáta ni omi máa ń wà lọ́dọ̀ wa, ẹ sì lè gbẹ́ ẹ jìn kí ẹ má bá nǹkan kan. Ẹni tó bá gba bóòhóòlù ní lump sum pẹ̀lú àdéhùn pé bí kò bá sí omi kò sí owó, òun nìkan ló ru gbogbo ewu náà. Ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò ilẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì ní iye ọ̀tọ̀ fún mítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbẹ́ àti fún ihò tí kò bá mú omi jáde.

Kọ́ńtíráàtì wíwọ̀n náà ní ewu tirẹ̀. Iṣẹ́ tí erùpẹ̀ tàbí kọnkéré bá ti bò, kò ṣeé wọ̀n mọ́. Kí ẹ tó da kọnkéré sí ìpìlẹ̀, kí ẹ̀yin àti ẹnjiníà ìjọba jọ wọn ìjìnlẹ̀ àti ìbú rẹ̀, kí ẹ jọ buwọ́ lu ìwé ìwọ̀n ní ọjọ́ náà gan-an.

Bí ọjà bá wọ́n lẹ́yìn tí a ti gba iṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ rántí ọdún 2023. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni ìjọba kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 sún mọ́ ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 kọjá ₦1,500 ní oṣù kejì 2024. Àwọn tó ti buwọ́ lu iye tí kò ṣeé yí padà kí èyí tó ṣẹlẹ̀, iye àná ni wọ́n fi ra sìmẹ́ǹtì òní.

Ohun tó ń gbani ni gbólóhùn tó gbà kí iye yí padà bí ọjà bá yí, èyí tí wọ́n ń pè ní fluctuation clause. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kúkúrú kò ní i. Bí kò bá sí nínú tiyín, ẹ fi iye ọjọ́ tí ẹ máa ra ohun èlò ṣírò, kì í ṣe iye ọjọ́ tí ẹ kọ ìwé ìdíje. Oṣù mélòó kan lè wà láàárín ọjọ́ méjèèjì.

Ṣé LPO, ìwé tí ìjọba fi ń ní kí ẹ kó ọjà wá, ló rọrùn jù?

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò nìyẹn. Lójú tiwa, òun ló léwu jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, torí owó ara yín lẹ máa kọ́kọ́ fi ra gbogbo ọjà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wọ́n fún yín ní LPO ₦10,000,000 fún àga àti tábìlì. Owó tí ẹ fi rà á dé ọ̀dọ̀ wọn jẹ́ ₦8,500,000, tí ẹ yá pẹ̀lú èlé ìdá 3 nínú 100 lóṣù. Èrè yín lójú ìwé jẹ́ ₦1,500,000. Èlé oṣù kan jẹ́ ₦255,000. Bí owó bá jáde ní oṣù méjì, ₦990,000 ló kù. Bó bá pé oṣù mẹ́fà, èrè ti tán, ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara yín sin ìjọba.

Ẹ wo VAT, owó orí ọjà, náà dáadáa. Bí ìwé bá sọ pé VAT wà nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá yẹn, nǹkan bí ₦698,000 nínú rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Owó orí tí wọ́n ń yọ ṣáájú, withholding tax, tún wà. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, torí ẹ lè fi dín owó orí ilé iṣẹ́ yín kù.

Mobilization ṣá, ọ̀fẹ́ nìyẹn?

Owó àsansílẹ̀ ni, wọ́n sì máa gbà á padà. Nígbà tí òfin 2007 jáde, kò gbà kó ju ìdá 15 nínú 100 lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ mú ìwé onídùúró wá láti báńkì tàbí ilé iṣẹ́ adójútòfò. Báńkì lè ní kí ẹ fi dúkìá tàbí owó dúró kó tó kọ ọ́, ó sì máa gba owó iṣẹ́. Ẹ tún gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá pé iṣẹ́ yóò parí, èyí tí kì í dín ní ìdá 10 nínú iye iṣẹ́ náà.

Lórí iṣẹ́ ₦40,000,000, ká ní ìdá 15 ni mobilization, ₦6,000,000 nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ ₦10,000,000 àkọ́kọ́, kì í ṣe mílíọ̀nù mẹ́wàá lẹ máa rí. Ká ní wọ́n yọ ìdá 15 padà fún mobilization, ₦1,500,000 lọ. Ìdá 5 tí wọ́n dá dúró di ẹ̀yìn iṣẹ́ lọ, ₦500,000. Ìdá 2 fún owó orí, ₦200,000. Ó ku ₦7,800,000. Ẹni tó bá ti fi mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ́kàn ṣèlérí fún àwọn tó ń ta òkúta àti irin, wàhálà ti dé bá a.

Cost-plus àti PPP ńkọ́?

Nínú cost-plus, ìjọba ń san ohun tí ẹ ná, ó tún ń fi èrè díẹ̀ lé e. Ewu rẹ̀ kéré fún yín, ṣùgbọ́n ìnáwó tí kò bá ní rìsíìtì, ẹ gbàgbé rẹ̀. Nínú PPP, ẹ̀yin lẹ máa mú owó wá kọ́lé, tí ẹ ó sì máa gba owó padà lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kékeré.

Ẹnjiníà ní ká fi nǹkan kún iṣẹ́. Ṣé ká ṣe é?

Ẹ má ṣe é títí tí ìwé yóò fi wá. Bó bá jẹ́ ẹnu lásán ló fi sọ ọ́, ẹ kọ lẹ́tà lọ́jọ́ kan náà pé: «Ẹ ní ká fi kálífáàtì kan kún un, iye rẹ̀ rèé, a ń retí ìdáhùn yín.» Wọ́n lè gbé ẹnjiníà yẹn lọ síbòmíràn kí iṣẹ́ tó parí.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé owó wà fún iṣẹ́ náà?

Ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Òfin sọ pé kí wọ́n má gbé iṣẹ́ jáde bí kò bá sí owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá ra lẹ́tà iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ọ̀nà gbájúẹ̀ ló ń mú yín lọ.

Bí wọn ò bá san owó ńkọ́?

Bó bá ti kọjá ọjọ́ 60 tí ẹ fi ìwé owó tàbí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ sílẹ̀, òfin kà á sí ìdádúró, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí èlé tí wọ́n kọ sínú àdéhùn. Bí ẹ kò bá kọ iye èlé náà síbẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa fi dúró. Ẹ rí i pé ọ́fíìsì lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sórí ẹ̀dà tiyín nígbà tí ẹ bá ń fi ìwé sílẹ̀, torí ọjọ́ orí òǹtẹ̀ yẹn lẹ máa fi ka ọgọ́ta ọjọ́ náà. Ní ti owó tí wọ́n dá dúró, ó wọ́pọ̀ kí ìdajì rẹ̀ jáde nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ìdajì tó kù sì jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, nígbà tí ẹ bá ti tún àbùkù ṣe. Wọn kì í wá yín wá fún un. Ẹ̀yin lẹ máa kọ lẹ́tà pé kí wọ́n wá yẹ iṣẹ́ wò, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́ kí ẹ tó béèrè rẹ̀.