Ṣé lóòótọ́ ni filler ń pa ohùn gìtá?

Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ẹ̀ sú mi. Kẹ́nì kan ṣáà ti ní òun fẹ́ fi filler dí ihò ara igi kóun tó kun gìtá tóun fọwọ́ ṣe, ẹlòmíì á ti fò dìde pé háà, filler máa pa ohùn ẹ̀ o, epoxy, irú filler tó dà bíi gọ́ọ̀mù tó máa ń gan, ló tiẹ̀ burú jù. Tẹ́ ẹ bá wá bi í pé ibo lára gìtá ni wọ́n ń fi í sí, ó ti dákẹ́ nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú gìtá tí ò lo iná, pátákó iwájú ló ń gbọ̀n jù, òun ló ń gbé ohùn jáde jù, igi spruce tàbí cedar ni wọ́n sì sábà máa fi ń ṣe é. Irú igi bíi páìnì làwọn yẹn, wọn ò ní ọ̀nà omi fífẹ̀ bíi ti mahógánì àti rosewood, fọ́nrán tín-ín-rín lomi ń gbà nínú tiwọn. Ihò wo lẹ wá fẹ́ dí? Ẹ gbé mahógánì síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ máa rí ojú kéékèèké bí ibi tí wọ́n fabẹ́rẹ́ họ. Ti spruce, ìlà tí igi ń ní bó ṣe ń dàgbà lọ́dọọdún nìyẹn, kì í ṣe ihò, òun ló ń tan èèyàn jẹ. Maple ní ihò lóòótọ́, àmọ́ ó kéré débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yọ ara wọn lẹ́nu láti dí i. Ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn ló kù. Filler tẹ́ ẹ ti fi sáńpépà họ títí tó fi jẹ́ inú ihò nìkan ló kù sí, ohùn wo ló fẹ́ pa? Ẹni tétí ẹ̀ gbọ́ ìyẹn, mo kí i.

Mi ò ní kò lè ṣe nǹkan kan rárá o. Tẹ́ ẹ bá da epoxy nípọn sẹ́yìn gìtá tẹ́ ò họ ọ́, ẹ ti gbẹ́rù lé igi lórí, bóyá etí míì á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá fún filler tó wá ń kun lacquer, ìyẹn ọ̀dà tó ń dán, léraléra kí ihò lè dí, ta ló kun nípọn jù? Nitro tó jẹ́ irú lacquer kan sì máa ń súnkì bí tínnà inú ẹ̀ ṣe ń fẹ́ lọ, tó bá yá ihò á tún yọjú.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù wà níbòmíì. Ẹ má họ epoxy tí ò tíì gan láìbo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí tára bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ó lè máa kọ̀ ọ́ lọ. Tó bá jẹ́ filler olóròóró lẹ lò, ẹ má ká àkísà tẹ́ ẹ fi nù ún jọ sójú kan. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, ó lè dá gbiná fúnra ẹ̀ láìsẹ́ni tó ṣáná sí i.