Ẹnubodè ni interface, kì í ṣe ìfojúkojú

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí "ìfojúkojú" níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń túmọ̀ interface, ìyẹn ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà kan ń gbà bá òmíràn ṣiṣẹ́, inú mi kì í sì í dùn sí i. Ó hàn gbangba pé ńṣe ni wọ́n gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sí méjì, tí wọ́n túmọ̀ ìdajì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wá rán an pọ̀. Ìfojúkojú ni kí n rí ọ, kí o rí mi, kí nǹkan kan má sì sí láàárín wa. Interface rèé, ohun tó wà láàárín gan-an ni!

Àwọn kan ní ká pè é ní alárenà. Èyí sàn, ó kúkú ní làákàyè nínú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà bá mi jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, alárenà á yẹ̀bá. Kò sí ọjọ́ tí script (ètò kékeré tí a kọ fún kọ̀ǹpútà) máa mojú dátábéèsì (ibi tí àkọsílẹ̀ ń gbé) débi tí interface á fi yẹ̀bá fún wọn. Ọjọ́ tó bá yẹ̀bá ni ìjàǹbá dé. Ní ti "íńtáféèsì", n kò bá ọ̀rọ̀ àyálò ṣọ̀tá, èmi náà ń sọ tẹlifóònù. Àmọ́ tẹlifóònù, a rí i, a fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ íńtáféèsì kò rí nǹkan kan dì mú.

Ẹnubodè lèmi ń pè é. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Balógun Ìbíkúnlé mọ odi yí Ìbàdàn ká. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú tàbí ọ̀nà Abẹ́òkúta bọ̀ kì í fo odi wọlé, ẹnubodè ló ń gbà. Oníbodè á bi í pé ta ni, kí ló rù, ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ. Á gba owó ibodè, á jẹ́ kó kọjá. Àlejò kò ní láti mọ bí agbo ilé ṣe tò nínú ìlú. Bí wọ́n bá wó agbo ilé kan tí wọ́n tún un kọ́, ẹnubodè ò kúrò níbi tó wà. Script ni àlejò, dátábéèsì ni ìlú, table, ìyẹn àtẹ àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, ni agbo ilé. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ mi ń rán èèyàn létí àwọn aṣọ́bodè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò ni mo fẹ́ kó rán yín létí.

Mo bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níhìn-ín tún script wọn ṣe. Ẹni tó kọ ọ́ ń lẹ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ gbólóhùn SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, lójú ẹsẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, àfi bí ẹni tí àmì ' wà nínú orúkọ rẹ̀, irú bíi Sa'adat, bá wá yá owó. Àmì yẹn á pa gbólóhùn náà dé láàárín, ẹ̀rọ á kọ̀, wọ́n á ní kí ìyá náà padà wá lọ́la. Ihò kan náà ni oníṣẹ́ ibi ì bá gbà pa àkọsílẹ̀ wọn rẹ́.

Ohun tí mo ṣe kò pọ̀. Mo kó iṣẹ́ náà sínú function (iṣẹ́ tí a fún lórúkọ, tí a lè pè) nínú PostgreSQL, ètò tó ń bójú tó dátábéèsì, mo sì fi èdè Python kọ kíláàsì kékeré kan tó jẹ́ ẹnubodè. Bí script bá pe orúkọ tí kíláàsì náà kò ní, Python á gbé orúkọ ọ̀hún fún __getattr__, apá kíláàsì tó ń dá orúkọ tí kò sí lóhùn. Ibẹ̀ ni mo ti ń to SELECT * FROM, orúkọ function, àti %s kan, àmì tó ń di àyè mú, fún iye kọ̀ọ̀kan. Iye fúnra rẹ̀ kì í wọ inú gbólóhùn tí mo tò. Lọ́tọ̀ ni mo ń gbé e fún execute, àṣẹ tó ń fi gbólóhùn ránṣẹ́ sí dátábéèsì. Ìwé PEP 249, tó la ìlànà yìí sílẹ̀ fún Python, ti wà láti 1999. Callproc, àṣẹ fún pípe iṣẹ́ tí a kó sínú dátábéèsì, wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ di dandan, nítorí náà n kò gbára lé e. Function ni mo ń sọ o, kì í ṣe procedure: CALL ni PostgreSQL fi ń pe ìyẹn, kì í ṣe SELECT.

Ibi tó gba ìṣọ́ra ni orúkọ function. %s lè gba iye, kò lè gba orúkọ. Oníbodè gbọ́dọ̀ ní ìwé orúkọ lọ́wọ́: inú schema (apá dátábéèsì tó ní orúkọ tirẹ̀) kan ṣoṣo ni mo kó àwọn function náà sí, mo ń ka orúkọ wọn láti pg_proc, àtẹ tí PostgreSQL ń kọ orúkọ function sí, èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ó padà sẹ́yìn. Ẹ rántí pé PostgreSQL máa ń fún gbogbo èèyàn láṣẹ láti pe function tuntun, àfi tí ẹ bá fi REVOKE gbà á. Ẹ gba àṣẹ lórí table lọ́wọ́ script pẹ̀lú, kí ẹ fi SECURITY DEFINER sára function kó lè fi àṣẹ ẹni tó ni ín ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, odi yín lójú ihò. Kíláàsì náà ló ń ṣe commit (kí àyípadà dúró) bí iṣẹ́ bá yọrí, tàbí rollback (kí gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà) bí kò bá yọrí. A kì í fi ìyẹn sílẹ̀ fún àlejò.

Ìlà kan péré ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ń kọ báyìí láti mọ gbèsè ẹnikẹ́ni: ẹnubodè.gbèsè(nọ́ńbà). Python 3 gba ẹ àti è nínú orúkọ, nítorí náà gbogbo àmì rẹ̀ ni mo fi sí i.