Ṣé Òótọ́ Ni Pé Tíkẹ́ẹ̀tì Obìnrin Méjì Kò Lè Wọlé Ìbò Ààrẹ?

Ní ọjọ́ 27 oṣù Okúdù ọdún 2016, Hillary Clinton, tó ń dupò ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ Democrat, àti Elizabeth Warren, sẹ́nétọ̀ láti Massachusetts, jọ gun orí pèpéle ìpolongo ìbò ní ìlú Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù ni àwọn méjèèjì wọ̀, wọ́n ń juwọ́ sí èrò, èrò náà sì ń hó. Ìbéèrè tó gba ẹnu àwọn òǹwòye kan ní Amẹ́ríkà nígbà náà ni pé bí Clinton bá mú Warren ṣe igbákejì rẹ̀, ṣé àwọn olùdìbò yóò gbà fún wọn? Èsì tí ọ̀pọ̀ wọn fọ̀ ni pé obìnrin kan gan-an, ó ṣì di ọwọ́ Ọlọ́run, ká má tíì wá sọ ti méjì. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Clinton mú Tim Kaine, ó sì fìdí rẹmi ní oṣù Bélú. Ní ọdún 2024, Kamala Harris mú ọkùnrin bákan náà, ìyẹn Tim Walz, òun náà kò sì wọlé. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìjákulẹ̀ méjèèjì yìí, tí ọkùnrin ṣe igbákejì nínú wọn, ni àwọn kan wá ń fi ṣe ẹ̀rí pé tíkẹ́ẹ̀tì obìnrin méjì, ìyẹn kí obìnrin dupò ààrẹ kí obìnrin sì ṣe igbákejì rẹ̀, kò lè wọlé láéláé. Bẹ́ẹ̀, kò tíì sí ọ̀kankan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjèèjì ibẹ̀, Democrat àti Republican, tó fi obìnrin méjì dupò ààrẹ rí.

Àwọn kan rò pé òfin ló ní kí àwọn méjì tó jọ ń díje yàtọ̀ síra. Òfin Amẹ́ríkà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àtúnṣe kejìlá sí òfin náà ń wò ni ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé: àwọn aṣojú tí ìpínlẹ̀ kan yàn láti dìbò ààrẹ kò gbọdọ̀ kó ìbò méjèèjì, ti ààrẹ àti ti igbákejì, fún àwọn ará ìpínlẹ̀ tiwọn. Ìdí nìyí tí Dick Cheney fi gbé ìforúkọsílẹ̀ ìdìbò rẹ̀ kúrò ní Texas lọ sí Wyoming ní ọdún 2000, nítorí pé Texas ni George W. Bush tó fẹ́ mú un náà ń gbé. Àwọn ìlànà yòókù, pé kí ará gúúsù mú ará àríwá, kí ọ̀dọ́ mú àgbà, kí obìnrin mú ọkùnrin, ọgbọ́n àwọn olóṣèlú ni. Bill Clinton kò ka ọgbọ́n yìí sí ní ọdún 1992. Ará Arkansas ni, Al Gore tó mú wá láti Tennessee tó bá Arkansas pààlà, ọjọ́ orí wọn kò sì jìnnà síra. Ìbò aṣojú 370 ni wọ́n fi wọlé.

Ẹni tó bá mọ ìtàn lè sọ pé wọ́n ti dán an wò rí. Ní ọdún 1884, Belva Lockwood, agbẹjọ́rò obìnrin tó kọ́kọ́ rojọ́ níwájú ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà, díje fún ipò ààrẹ pẹ̀lú Marietta Stow láti California. Àwọn ọkùnrin kan tilẹ̀ wọ aṣọ obìnrin, wọ́n tò rìn nígboro láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìpínlẹ̀ kankan tí obìnrin ti lè dìbò ààrẹ nígbà náà. Àwọn tí ìbá fara mọ́ ọn jù kò ní ìwé ìdìbò lọ́wọ́, nítorí náà ìbò tó rí kò sọ ohunkóhun fún wa nípa àwọn olùdìbò òde òní.

Ti ẹgbẹ́ Green, ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà, sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Cynthia McKinney àti Rosa Clemente díje ní ọdún 2008, wọ́n rí ìbò bíi 161,000. Jill Stein àti Cheri Honkala rí bíi 469,000 ní ọdún 2012. Ìbò tó kéré ni lóòótọ́ ní orílẹ̀-èdè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í fi í wé ti ọdún 2004, nígbà tí ẹgbẹ́ yìí kan náà fi ọkùnrin, David Cobb, síwájú, tí ìbò rẹ̀ kò ju bíi 120,000 lọ? A kò sì gbọ́dọ̀ fi ojú kan wò ó, nítorí Stein padà wá ní ọdún 2016 pẹ̀lú igbákejì ọkùnrin, ìbò rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 1.4. Àmọ́ ọdún yẹn ni ọ̀pọ̀ olùdìbò kò fẹ́ràn Clinton, tí wọn kò sì fẹ́ràn Donald Trump. Ìbò ẹgbẹ́ kékeré a máa ròkè, a sì máa wálẹ̀, bí inú ará ìlú sí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ṣe rí lọ́dún náà.

Ibi tí ẹ̀rí gidi wà ni ipò gómìnà, nítorí níbẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára ti fi obìnrin méjì síwájú. Ní oṣù Bélú ọdún 2022, Maura Healey àti Kim Driscoll wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà àti igbákejì gómìnà ní Massachusetts, wọ́n sì gba ju ìpín 60 lọ nínú ìbò 100. Lọ́jọ́ kan náà, ní Ohio, Nan Whaley àti Cheryl Stephens pàdánù, gómìnà Mike DeWine sì fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀ pátápátá. Ẹgbẹ́ Democrat ni àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó yàtọ̀ ni pé Massachusetts fẹ́ràn ẹgbẹ́ wọn, Ohio sì ti ń fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ó sì tún ní gómìnà tí àwọn ará ibẹ̀ ti mọ́ lára. Bí ọkùnrin méjì bá dúró sí ipò àwọn obìnrin wọ̀nyí, n kò rò pé ẹni tó wọlé yóò yàtọ̀.

Ti Brazil tilẹ̀ ṣe kedere ju èyí lọ. Ní ìpínlẹ̀ Pernambuco, obìnrin méjì ló kù sórí ìjàdù ipò gómìnà ní ìpele kejì ìdìbò ọdún 2022. Marília Arraes, tó jáde láti inú ìdílé òṣèlú ńlá, tó sì ṣe ipò kìíní ní ìpele àkọ́kọ́, mú ọkùnrin ṣe igbákejì. Raquel Lyra mú obìnrin bíi tirẹ̀, Priscila Krause. Bí ìgbàgbọ́ tí a ń wí yìí bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí tíkẹ́ẹ̀tì Arraes borí. Lyra àti Krause ni wọ́n wọlé pẹ̀lú ìpín 58 àti díẹ̀ nínú 100. Ọkọ Lyra kú ní ọjọ́ ìdìbò àkọ́kọ́ gan-an, àwọn kan sì sọ pé àánú ló gbé e dé ìpele kejì. Ó ṣeé ṣe kí àánú ti kópa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé àwọn ará ìlú kò lè fara da obìnrin méjì kò tún lè sọ lẹ́yìn náà pé àánú lásán borí ìkórìíra tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ipò ààrẹ Brazil lọ́dún kan náà, Simone Tebet àti Mara Gabrilli, tí àwọn méjèèjì jẹ́ sẹ́nétọ̀, gba ìpín 4.16 nínú 100. Ìbò wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Lula àti Bolsonaro tó gba ibi gbogbo kan, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ipò kẹta, wọ́n sì ṣáájú Ciro Gomes tí ìgbà kẹrin rẹ̀ nìyẹn lórí ìjàdù náà. Ní Namibia, Netumbo Nandi-Ndaitwah wọlé ìbò ààrẹ ní ọdún 2024, ó sì yan obìnrin, Lucia Witbooi, ṣe igbákejì ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025. Yíyàn ni ti Witbooi, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìdìbò, nítorí náà n kò kà á mọ́ ẹ̀rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwa ọmọ Nàìjíríà kò yẹ ká tètè gba irú ìgbàgbọ́ yìí gbọ́, nítorí ojú wa ni wọ́n ṣe sọ èyí tó jọ ọ́ nípa tíkẹ́ẹ̀tì Mùsùlùmí méjì. Ní ọdún 1993, MKO Abiola àti Babagana Kingibe ta Bashir Tofa yọ, tòun ti Kìrìsìtẹ́nì tó mú ṣe igbákejì, títí kan Kano tí í ṣe ìlú Tofa fúnra rẹ̀. Nígbà tí Bola Tinubu mú Kashim Shettima ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì fárí gá, ọ̀pọ̀ òǹwòye sì ní ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ó wọlé pẹ̀lú ìbò mílíọ̀nù 8.79. Kì í ṣe pé kò ná an ní nǹkan kan, nítorí ìpín 37 nínú 100 péré ni ìbò náà, àti pé pínpín tí àwọn alátakò rẹ̀ pín ràn án lọ́wọ́ gan-an. Irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lè mú kí ìbò kan sọ nù; iye tó máa sọ nù àti ibi tí a ó ti rí òmíràn dí i ni olóṣèlú gbọ́dọ̀ ṣírò, ìṣirò ọ̀hún sì ń yí padà láti ọdún ìdìbò kan sí òmíràn.

Ìgbàgbọ́ mìíràn wà tó dojú kọ ti àkọ́kọ́, tó sì ṣini lọ́nà bákan náà: pé bí obìnrin méjì bá dúró, gbogbo obìnrin yóò tò sẹ́yìn wọn. Ní ọdún 2016, láàrin àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ní Amẹ́ríkà, Trump ló rí ìbò ju Clinton lọ. Obìnrin ní ẹgbẹ́, ó ní ẹ̀sìn, ó ní ọ̀rọ̀ owó ọjà lọ́kàn, bí ọkùnrin ṣe ní in. Clinton náà fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ìbò ṣáájú Trump jákèjádò orílẹ̀-èdè, àmọ́ nítorí pé ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ ló ń yan ààrẹ, ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí àlàfo wọn lápapọ̀ kò tó 80,000 ló já ipò ààrẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló wá dé tí Clinton kò mú Warren? Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò kan akọ tàbí abo. Bí Warren bá fi ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sílẹ̀, gómìnà Massachusetts ni yóò yan ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Republican sì ni gómìnà ìgbà náà, Charlie Baker. Virginia tí Kaine ti wá ní gómìnà Democrat, kò sì dájú tẹ́lẹ̀ ibi tí ìpínlẹ̀ náà yóò fì sí. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló máa ń wà lórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń yan igbákejì. Ìbẹ̀rù pé àwọn olùdìbò kò ní gbà náà sì wà níbẹ̀, ó sì ń bí ara rẹ̀: àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ bẹ̀rù, wọn kò fi obìnrin méjì síwájú, àìsí wọn nínú ìwé ìdìbò sì di ẹ̀rí pé ìbẹ̀rù náà tọ̀nà.

Ní Nàìjíríà, kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ará ìlú rárá ni ìlẹ̀kùn ti ń tì. Nínú ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ PDP ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2011, Sarah Jibril rí ìbò kan ṣoṣo láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún aṣojú tó péjọ sí Àbújá. Ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 100 náírà ni ẹgbẹ́ APC bu lé fọ́ọ̀mù ipò ààrẹ. Obìnrin kan ṣoṣo tó dé pápá ìdìbò abẹ́nú wọn, Uju Ken-Ohanenye, sì jọ̀wọ́ ipò rẹ̀ fún Tinubu kí wọ́n tó dìbò. Nígbà tí ará ìlú wá dé ibùdó ìdìbò ní ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé ọdún 2023, ẹgbẹ́ 18 ló wà nínú ìwé ìdìbò, obìnrin kan péré ló sì ń dupò ààrẹ nínú wọn, Chichi Ojei ti ẹgbẹ́ APM, tí igbákejì tirẹ̀ náà jẹ́ ọkùnrin.