Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Àbí Orí Fóònù? Àlàyé Lórí Ìrànlọ́wọ́ Ìlera Ọpọlọ Orí Ayélujára Fún Àwọn Ọmọ Wa

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, a kì í fi í ránṣẹ́, a kì í sì í sọ ọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. A ó jókòó ni, a ó wo ara wa lójú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òbí nílùú Àkúrẹ́ yìí fi máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ lè ti orí fóònù rí ìrànlọ́wọ́ fún ohun tó ń da ọkàn rẹ̀ rú. "Ṣé WhatsApp ni yóò wo ọmọ mi sàn?" Bí ìyá kan tó ń ta aṣọ nítòsí Ọjà Ọba ṣe bi mí nìyẹn. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fi rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ òwe yẹn wò. Àgbà ló pa á, àgbà ló sì pa á fún. Ọmọdé tó dúró níwájú àgbà kì í wojú ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ: kúnlẹ̀, dọ̀bálẹ̀, má wo àgbà lójú, sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà". Àwọn ará Ọ̀yọ́ a máa fi àwa ará apá Oǹdó ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀ka èdè wa kì í fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún àgbà, pé "ìwọ" la ń pe gbogbo ayé. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ojú bàbá ń ba ọmọ lẹ́rù ní Oǹdó gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bà á ní Ọ̀yọ́, ojú tí òwe ní ọ̀rọ̀ wà yẹn gan-an ló sì ń dí ọmọ lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ orí ayélujára ti wọlé. Ohun tó jẹ́ kò le: ọmọ tàbí ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ títẹ́tí sílẹ̀, ẹni náà á sì dá a lóhùn, láìfojúkojú. Ó lè jẹ́ lórí WhatsApp, ó lè jẹ́ lórí áàpù tàbí ìkànnì. Àwọn kan máa ń dáhùn lójú ẹsẹ̀; àwọn mìíràn dà bíi lẹ́tà, o kọ lónìí, èsì dé lọ́la. Kì í ṣe nǹkan àná. Ọdún 1986 ni Esther Rantzen dá Childline, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọdé, sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpè tẹlifóònù nìkan ni nígbà náà, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń kọ̀wé sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ní Nàìjíríà tiwa, àjọ ìlera ọpọlọ kan, Mentally Aware Nigeria Initiative, tí wọ́n ń pè ní MANI, bẹ̀rẹ̀ ní 2016, orí ayélujára sì ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn wà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 10 sí 19, ọ̀kan ní àìlera ọpọlọ. Bí ìṣirò yẹn bá bá kíláàsì tó ní ọmọ 42 mu, ọmọ mẹ́fà nìyẹn. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe sọ "ọpọlọ" yẹn, ẹlòmíràn ti rí wèrè tó ń jẹ láàtàn lójú ara rẹ̀. Mi ò bá a wí. Òfin orílẹ̀-èdè wa gan-an ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Títí di oṣù kìíní ọdún 2023 tí wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, òfin tí à ń lò jẹ́ ti ọdún 1958, "òfin wèrè" sì ni orúkọ rẹ̀ bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn tí kò jẹ́ kí ọmọ sùn ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ tí à ń sọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún, SS3, ilé wọn wà ní Ọ̀bà-Ilé. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá, iná ti lọ, gbogbo ilé ti sùn. Fóònù ìyá rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fi kọ̀wé sí àwọn agbaninímọ̀ràn orí ayélujára. Wọn kò bi í ní orúkọ àbísọ. Ó fún wọn ní orúkọ tó wù ú, Labalábá, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ìpínlẹ̀ rẹ̀.

"Kú alẹ́, Labalábá. Mo wà níbí. Fóònù ta lò ń lò, ṣé ibi tí o wà kò léwu?"

Ẹ má rò pé ìbéèrè ẹ̀yẹ nìyẹn. Bí fóònù bá jẹ́ ti ìyá, èsì tó bá wọlé láàárọ̀ lè yọ sójú fóònù kí ọmọ tó jí. Nítorí náà, kí wọ́n tó sọ ohunkóhun, wọ́n á kọ́kọ́ fẹnu kò sí ìgbà tí wọ́n á máa kọ̀wé síra wọn àti bí ọmọ á ṣe pa ohun tó kọ rẹ́.

Labalábá kọ̀wé: "Ẹ kú alẹ́, ma. Orí ló ń fọ́ mi."

Ẹni tí kò mọṣẹ́ á ní kó lo Panadol. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á dúró díẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ọkàn kì í sábà fi orúkọ ara rẹ̀ ránṣẹ́. Orí ló máa ń rán, tàbí inú, tàbí àyà tó ń lù kìkìkì. Àwọn bàbá wa ní ọdẹ orí, pé nǹkan ń rìn nínú orí ẹni bíi kòkòrò, àwọn dókítà ọpọlọ sì ti kọ̀wé lé e lórí nítorí wọ́n rí i pé àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì sábà máa ń fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Agbaninímọ̀ràn á wá bi í pé láti ìgbà wo, ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń jẹun, kí ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ kí orí náà tó bẹ̀rẹ̀. "Mo kàn máa ń ronú ṣáá ni, ma." Àwọn Shona ní Zimbabwe ní ọ̀rọ̀ kan fún ìyẹn, kufungisisa, àròjù. Láti ọdún 2006 ni Dókítà Dixon Chibanda ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà níbẹ̀ láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni tí àròjù ń dà láàmú. Ojú lọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Bóyá nítorí pé ìyá àgbà orí bẹ́ǹṣì kọ́ ni yóò gba ìwé èsì ìdánwò rẹ lọ́wọ́ rẹ.

Orúkọ tí a fún oníṣẹ́ yìí, agbaninímọ̀ràn, ń ṣi èèyàn lọ́nà díẹ̀. Ìmọ̀ràn ló kéré jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá sọ ẹ̀dùn ọkàn fún wa, ẹnu wa kì í pẹ́ là: "Èmi nígbà tí mo wà bíi tìẹ, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sílé ìwé." Agbaninímọ̀ràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń gbé padà fún un: "Bí mo bá gbọ́ ọ dáadáa, láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ ni wọ́n ti ń jà lóru, ìwọ sì rò pé owó WAEC rẹ ló fà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ọmọ á kà á. Ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níta.

Nígbà míì wọ́n á lo ìwé ìbéèrè. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ni PHQ-9, ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, ìbànújẹ́, àìlèfọkàn-sí-nǹkan àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òdo sí mẹ́ta ni máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Máàkì tó ga ń sọ pé ó yẹ kí oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò sọ àìsàn. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọmọdé kì í fi gbogbo ìgbà sunkún. Ìkanra ló máa ń gbé wọ̀ nígbà míì, tí a ó sì máa pè é ní ìwà ìbàjẹ́.

Ìbéèrè kẹsàn-án, èyí tó ń béèrè nípa èrò ikú, ni àwa òbí kì í fẹ́ gbọ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé Labalábá kọ ọ́ pé bí òun ò bá sí, owó á ṣẹ́ kù fún àbúrò òun. Agbaninímọ̀ràn kò ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́", kò sì fò ó. Ó bi í gbangba: "Ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ?" Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn pé ìbéèrè yẹn á fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe kò fi hàn bẹ́ẹ̀. Ara máa ń tu ẹni tí wọ́n bi ni, nítorí pé òun nìkan ló ti ń gbé e kiri.

Ibí ni ọ̀rọ̀ àṣírí ti le. Àṣírí tí wọ́n ṣèlérí fún ọmọ ní ààlà, ẹni tó mọṣẹ́ á sì ti sọ ààlà náà níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọmọ bá ti tú gbogbo inú rẹ̀ síta. Bí ẹ̀mí ọmọ bá wà nínú ewu, bí ẹnì kan bá ń fipá bá a sùn tàbí tó ń lù ú nílùkulù, bí òun náà bá fẹ́ pa ẹlòmíràn lára, wọ́n á wá àgbàlagbà tó lè dáàbò bò ó. Nọ́ńbà 112 wà fún pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ sì ni. Àṣírí kejì wà tí a kì í rántí, èyí tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù. Ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà mú kí BetterHelp, ilé-iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn orí ayélujára kan, san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là nítorí pé wọ́n fi ìsọfúnni àwọn oníbàárà wọn ránṣẹ́ sí Facebook àti àwọn mìíràn fún ìpolówó ọjà. Ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà ṣe òfin ààbò ìsọfúnni tirẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Àwọn ayédèrú náà ò gbẹ́yìn o. Ẹni tó bá ní kí ọmọ fi fọ́tò ránṣẹ́, tàbí kó má sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé, kì í ṣe agbaninímọ̀ràn.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Ní 1966, Joseph Weizenbaum ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan, ELIZA, tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni di ìbéèrè. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe ń tú ọkàn wọn sí i. Irú rẹ̀ pọ̀ lórí fóònù báyìí. Ẹ̀rọ kì í sùn, kì í sì í kanra, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú tán fún ọmọ yẹn, ẹ̀rọ kò lè gun ọ̀kadà wá sí Ọ̀bà-Ilé.

Bí ọmọ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, bí gìrì bá ń mú un, bí kò bá sùn fún ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì lórí mọ́, ó ti kọjá ti orí fóònù. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà ní Oǹdó. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà ní Àkúrẹ́. Ẹ gbàdúrà bí ẹ ṣe ń wọ mọ́tò lọ.

Labalábá kò tíì débẹ̀. Kò ní ètò kankan láti pa ara rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, agbaninímọ̀ràn bi í pé: "Nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́, ojú ta ni kì í bà ọ́ lẹ́rù?" Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Àǹtí rẹ̀ ni, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ta oògùn ní Oǹdó. Wọ́n jọ kọ gbólóhùn mẹ́ta tí yóò sọ fún un sílẹ̀. Labalábá pa ìkejì rẹ́, ó tún un kọ, ó ní ó ti le jù. Sátidé ló máa wọ mọ́tò Oǹdó.