Lo, la, los, las: bí a ṣe ń lo arọ́pò orúkọ àbọ̀ nínú èdè Sípáníìṣì

Nínú "Mo ra ìwé", ìwé ni àbọ̀. Bí a kò bá fẹ́ dárúkọ ìwé náà mọ́, a ó ní "Mo rà á"; "á" ìparí yẹn ni arọ́pò orúkọ tó bọ́ sípò àbọ̀. Ti Sípáníìṣì ni me (mi), te (ọ), nos (wa), os (yín), lo (ako) àti la (abo) fún ẹyọ kan, los (ako) àti las (abo) fún ọ̀pọ̀. Sípéìnì ni wọ́n ti ń lo os. Ní Kúbà àti Mẹ́síkò, los tàbí las ni wọ́n fi ń pe "yín".

Ipò ló ń kọ́kọ́ da ọmọ Yorùbá láàmú. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ìṣe ni tiwa máa ń wà, iwájú ni tiwọn: Lo compré (mo rà á), kì í ṣe Compré lo. Bí gbólóhùn bá jẹ́ àyísódì, no á ṣáájú: No lo compré. Bí he tàbí ha, tó dà bí "ti" tiwa, bá wà níbẹ̀, iwájú rẹ̀ náà ni lo máa wà: Lo he comprado (mo ti rà á).

Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe nígbà mìíràn. Bí a bá ń pàṣẹ, Cómpralo (rà á) ni. Tí ọ̀rọ̀ ìṣe bá parí sí -r tàbí -ndo, a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, a sì lè gbé e síwájú ọ̀rọ̀ ìṣe àkọ́kọ́: Quiero comprarlo tàbí Lo quiero comprar (mo fẹ́ rà á), Estoy comprándolo tàbí Lo estoy comprando (mò ń rà á). Quiero lo comprar ni kò sí rárá. Bó bá di "má rà á", lo tún padà síwájú: No lo compres. Ẹ kíyè sí àmì orí cómpralo àti comprándolo: sílébù tó wọlé ti ti ibi tí ohùn ti ń wúwo jìnnà sí ìparí, àmì náà ló ń dá a dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Comprarlo kò nílò rẹ̀.

Yorùbá kò ya ako sọ́tọ̀ kúrò lára abo, nítorí náà ẹ wo ọ̀rọ̀ orúkọ kí ẹ tó la ẹnu. El libro (ìwé) di lo, la llave (kọ́kọ́rọ́) di la, las llaves di las. Bí ako àti abo bá pa pọ̀, los ni. Ẹni tó ni nǹkan náà kò kàn án: bolso (báàgì) tí obìnrin gbé, lo ni.

Bí àbọ̀ bá jẹ́ ènìyàn, ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì náà "a" máa ń ṣáájú orúkọ rẹ̀: Conozco a María (mo mọ María). Tí arọ́pò bá dé, "a" yẹn á lọ: La conozco (mo mọ̀ ọ́n). Ọ̀wọ̀ tún wà níbẹ̀. Àgbà kan ṣoṣo la máa ń kí ní "yín", àmọ́ usted ("ẹ̀yin" ọ̀wọ̀ fún ẹnì kan) kì í di púpọ̀ nítorí ọ̀wọ̀: "Mo kí yín, mà" ni La saludo, señora.

Ibì kan wà tí Yorùbá ti ràn wá lọ́wọ́. "Mò ń wá a" ni Lo busco, "mò ń wò ó" ni Lo miro, láìfi ọ̀rọ̀ kankan sáàárín. Àwọn tó ń gba inú Gẹ̀ẹ́sì (look for) kọjá ló ń sọ busco por.

Bí le (fún un) bá pàdé lo, le á di se: Le doy el libro (mo fún un ní ìwé náà), Se lo doy (mo fi fún un). Le lo doy kò sí.